Láti Àyà Sókè

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí akunlé kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Túnunkùn bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fídíò, ògiri ló fi han ọmọ náà. Ó gbé fóònù ti agolo ọ̀dà, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Ó sọ̀rọ̀ títí, ó ń mi orí, ó ń fọwọ́ júwe, kò mọ̀ pé ìka òun ti tẹ ohun tó yí ojú kámẹ́rà sẹ́yìn. Ọmọ náà fi sùúrù gbọ́ ọ tán kí ó tó sọ pé, "Bàbá, ògiri yìí dán o, ṣùgbọ́n ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

Ìyàwó Túnunkùn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣàì béèrè bóyá ìlà òkè ògiri náà gún régé lójú ọmọ.

Kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Túnunkùn. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló fún un lórúkọ náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ níwájú ògiri tí ẹlòmíràn kùn ni "Tún un kùn." Àwọn kan ní ìkà ni. Wọn kò sọ ọ́ re. Ìkà kì í gun àkàbà lọ́sàn-án gangan láti tún iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nígbà tí onílé ti ní ó dára. Túnunkùn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí a lè torí rẹ̀ bá a wí ni pé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ògiri àti ènìyàn.

Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bí, ọkùnrin ni, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló sì ti kọ́ṣẹ́. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n jọ gbé àkàbà kiri. Lọ́jọ́ kan, nílé dókítà eyín kan, ọmọ náà dá kun yàrá ìgbàlejò láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Dókítà wọlé, ó wò ó yíká, ó ní iṣẹ́ náà wu òun. Túnunkùn sún mọ́ ògiri, ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọmọ níṣojú onílé, ó sì tún odindi ògiri kan kùn láti igun dé igun. Ọmọ náà bá a di àkàbà mú títí ó fi parí. Kí ọdún náà tó yí, ó ti di ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú kan tó jìnnà, níbi tí wọ́n ti ń gé òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé. Bàbá rẹ̀ ní ibi tí òkúta bá ti ń fì lókè orí ènìyàn kì í ṣe ibi iṣẹ́. Ọmọ náà fèsì pé òkúta tí òun bá ti gé, kò sẹ́ni tó máa ní kí òun tún un gé.

Fóònù ló wá so wọ́n pọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Àìkú, ìyàwó Túnunkùn á nu tábìlì pálọ̀, á gbé fóònù ti agolo bisikíìtì tó ti ṣófo, á jókòó síwájú, ọkọ rẹ̀ á sì jókòó sẹ́yìn èjìká rẹ̀. Obìnrin náà ló ń sọ̀rọ̀. "Ọkọ mi, o ti jẹun? Ta ló gẹ irun yẹn fún ọ? Ó gẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń sá fún òjò." Túnunkùn kì í sọ ju gbólóhùn méjì lọ, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ àtúnṣe: ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn ọmọ náà, tàbí fóònù kò dúró ṣánṣán.

Ọmọ náà kì í fi ohun tí kò tíì parí hàn wọ́n. Bí ó bá ṣàìsàn, ìgbà tí ara rẹ̀ bá yá tán ni wọ́n ń gbọ́. Bí ó bá ń wá yàrá, ìgbà tó bá kó wọlé tán ni. Ìyá rẹ̀ ní ọmọ tó ń ro ti òbí ni. Túnunkùn mọ ibi tí ìwà náà ti wá, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ó ṣe, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá tí wọn kò rí i lórí fídíò. Ó ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé nẹ́tíwọ̀kì kò dára, pé iṣẹ́ pọ̀. Nígbà tó yọjú, ó ní òun ti kó lọ sí yàrá mìíràn. Ojú rẹ̀ ti rù. Ìyá rẹ̀ tẹjú mọ́ ojú náà, ó ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Túnunkùn ń wo ògiri.

Àwọn kan nínú ẹbí gbà pé ìyá ló kọ́kọ́ fura. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ògiri tó wà lẹ́yìn ọmọ náà ní àwọ̀ méjì: búlúù láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí àyà ẹni tó dúró máa dé, funfun láti ibẹ̀ lọ sókè, ìlà dúdú kan tó fẹ̀ tó ìka méjì sì pín wọn. Ọ̀dà olóròóró ni búlúù náà, ó ń dán. Ọ̀dà olómi ni funfun. Kò sẹ́ni tó ń kun yàrá ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fara ti ògiri ni wọ́n ti ń kùn ún bẹ́ẹ̀ kí ó lè ṣeé fọ̀: ilé ẹ̀kọ́, ọgbà ẹ̀wọ̀n, ilé ìwòsàn. Túnunkùn ti kun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó rí ibi tí orí bẹ́ẹ̀dì ti họ búlúù náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì ọmọ náà. Ilé ẹ̀kọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ní ẹ̀kẹta, ó ṣàkíyèsí pé ìlà dúdú náà ti ń ṣí, bí ìgbà tí wọ́n ń fi omi olóògùn nù ún lójoojúmọ́. Ọgbà ẹ̀wọ̀n kì í fọ ògiri lójoojúmọ́. Ilé ìwòsàn ló kù. Láti ọjọ́ náà, ó ń gun àkàbà, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gbàgbé ohun tó gùn ún lọ ṣe. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan fi ògiri tó lábùkù sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà, Túnunkùn kò sọ pé kí ó tún un kùn, àwọn yòókù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè bóyá ara ọ̀gá kò yá.

Ó lè béèrè tààrà. Ohun tó dí i lọ́nà ni pé kò mọ bí ènìyàn ṣe ń béèrè nǹkan láìbániwí. Bí ohùn rẹ̀ bá dún bí ó ṣe dún nílé dókítà eyín, ọmọ náà lè pa fóònù kó má sì pè mọ́, yóò sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì kan tí wọn kò mọ ọ̀nà ibẹ̀, ní òun nìkan. Ẹ̀rù tó ń bà á nìyẹn.

Ní ọjọ́ Àìkú kẹrin, ìyàwó rẹ̀ dìde láàárín ọ̀rọ̀. Ó ní òun ní nǹkan kan tí òun fẹ́ fi han ọmọ òun, ó wọ yàrá lọ. Túnunkùn bọ́ sórí àga rẹ̀.

"Ilé ìwòsàn wo ni?" Ó rọra béèrè ni.

Ọmọ náà wò ó. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ògiri ni."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ó yẹ kí n ti mọ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi sún bẹ́ẹ̀dì síbi fèrèsé, wọn ò gbà."

"Kí ló ṣe ọ́?"

Ọmọ náà yí ojú kámẹ́rà padà, ó sì rọra sọ fóònù kalẹ̀ láti àyà rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Túnunkùn rí aṣọ ìbora funfun. Ó rí i pé ó ga níbi itan méjèèjì, ó sì ga lápá ọ̀tún títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Lápá òsì, láti orúnkún lọ, aṣọ náà tẹ́ pẹrẹsẹ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Òkúta kan ló já lókè tó lu ẹsẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé òkúta kúrò, dókítà ní gígé ló kù. Ọmọ náà ròyìn rẹ̀ ní ṣókí, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ ti kìlọ̀ fún mi, mo mọ̀. Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́, kó tán nílẹ̀. Àmọ́ èyí ò ṣeé tún kùn, Bàbá."

Túnunkùn la ẹnu, kò sí àtúnṣe kankan nínú rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ìyá tó ń bọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màmá," ni ọmọ náà sọ kíákíá. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lè dìde." Ojú rẹ̀ tún ti padà síwájú kámẹ́rà, láti àyà sókè.

Bàtà ni ìyá rẹ̀ lọ mú wá, bàtà aláwọ dúdú tuntun, ó ṣì wà nínú páálí. Ó gbé ọ̀kan sókè, ó gbé èkejì, ó yí ìsàlẹ̀ wọn sí kámẹ́rà. "Nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ ò tíì yí padà, àbí? Ogójì ó lé mẹ́ta."

"Kò yí padà, Màmá. Wọ́n dára."

Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ò rí àbùkù kan lára wọn? Ara yín ò yá nìyẹn."

"Kò sí àbùkù," ni Túnunkùn sọ.

Ní ọjọ́ kejì, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé wọ́n pe òun láti wá kun ilé ńlá kan ní ìlú tí ọmọ wọn wà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí wọ́n ti jọ ń gbé, kò purọ́ fún un rí. Obìnrin náà gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ki páálí bàtà bọ inú àpò ọkọ rẹ̀.

Nílé ìwòsàn tí ọmọ náà kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, kò sẹ́ni tó sunkún nínú wọn. Túnunkùn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì kọjú sí ilẹ̀.

"Ẹ sọ ọ́," ni ọmọ náà wí. "Ẹni tó kùn ún kò ha á kó tó kùn ún."

"N ò wo ògiri," ni bàbá rẹ̀ dáhùn. Irọ́ kejì nìyẹn.

Ó gba yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn náà, àwọn dókítà sì gbà kí ọmọ wá máa gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láràárọ̀, ó ń dì í mú ní abíyá bí ó ṣe ń fi ọ̀pá méjì kọ́ ìrìn. Ọmọ náà ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ahọ́n sì ń yún bàbá. Lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Gbé èjìká," ó sì gé e síbẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà ṣubú, ó gbé e dìde, kò sọ bí ó ṣe ṣubú fún un.

Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n á jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n á gbé fóònù sún mọ́ra, wọ́n á pe ìyá. Ó ń béèrè bóyá bàtà bá a lẹ́sẹ̀ mu. Wọ́n ní ó bá a mu. Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ẹ̀kẹrin, ìyá ní, "Ẹ dìde, ẹ̀yin méjèèjì, kí n rí bàtà yẹn."

Túnunkùn ní nẹ́tíwọ̀kì ń fà.

"Nẹ́tíwọ̀kì gbé ohùn yín wá, ẹsẹ̀ ni kò lè gbé?" Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ sún mọ́ fóònù. "Láti àyà sókè ni mo ti ń rí ọmọ mi láti oṣù méjì. Kí ló wà nísàlẹ̀?"

Túnunkùn fẹ́ wí nǹkan. Ọmọ náà gbé ọwọ́ lé e lórí itan. "Bàbá, ẹ gbé fóònù náà jìnnà."

Ó dìde, ó ń fi ẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù náà mú. Ọmọ náà jókòó síbẹ̀ lódindi bí ó ṣe kù, ṣòkòtò rẹ̀ ká pọ̀ lábẹ́ orúnkún òsì, bàtà dúdú wà ní ẹsẹ̀ ọ̀tún.

"Tòsì wà nínú páálí, Màmá," ó ní. "Kò sóhun tó ṣe é."

Ìyá kò pariwo. Ó gbé fóònù rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí tábìlì, ohun tí wọ́n sì ń rí kò ju àjà pálọ̀ lọ. Wọ́n gbọ́ tí àga sún. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ tó lọ, tó bọ̀, tó tún lọ. Túnunkùn tẹjú mọ́ àjà náà. Òun ló kùn ún ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Lẹ́bàá gílóòbù, ibì kan wà tó tó àtẹ́lẹwọ́ tí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò kàn. Kò sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó pa fóònù nínú wọn títí bátìrì fi kú.

Ìròyìn tó dé kẹ́yìn ni pé Túnunkùn ṣì wà ní ìlú náà, òun àti ọmọ rẹ̀, ní yàrá kejì lápá òsì nínú ilé alájà kan tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ìyàwó rẹ̀ ń pe ọmọ náà lórí fídíò ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Kò tíì ní kí ó gbé fóònù fún bàbá rẹ̀.