Agogo Ẹnu Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré tí ìyá mi kú, ilé àbúrò bàbá mi ní Abẹ́òkúta ni wọ́n mú mi lọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mọ bí ayé ṣe rí nígbà yẹn: kí àkùkọ tó kọ, a ti dé odò. Èmi ni mò ń pọnmi, èmi ni mò ń lọ ata, èmi náà ni mò ń fọ aṣọ iléèwé Múyìwá, ọmọ wọn. Èmi ò wọ irú ẹ̀ rí. Ìyàwó àbúrò bàbá mi máa ń sọ pé, "Obìnrin tó mọ ọbẹ̀ sè ti kàwé tán."

Ẹ̀yìn mi ni Múyìwá dàgbà sí. Bí mo bá ń ro láfún, á máa fà mí láṣọ: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pàlọ́ fún mi." Èyí tó fẹ́ràn jù, èmi fúnra mi ni mo ro ó jáde látinú orí mi. Nínú àlọ́ náà, ọmọ kan fi ohùn ìyá rẹ̀ tó kú pamọ́ sínú ìkòkò omi. Ẹni tó bá mu níbẹ̀ á gbọ́ orin. Òùngbẹ ìyá mi ló ń gbẹ mí. Lọ́jọ́ kan, láfún jóná nítorí àlọ́. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ kí n nawọ́ sókè. Lórí ìkúnlẹ̀ náà ni mo ti parí ẹ̀ fún un.

Ẹ rántí pé tí àlọ́ bá tán, a ó ní bí a bá purọ́, kí agogo ẹnu wa má ró. A ó wá fi ẹnu lù ú: pó, pó, pó. Eyín iwájú Múyìwá ti ká nígbà náà, fùù lásán ló ń jáde. Àwọn ọmọ ilé á pariwo, "Òpùrọ́! Òpùrọ́!" Mo máa ń gbé e lé ẹsẹ̀, tí mo máa ń fi orí ẹ̀ bo ẹnu mi, tí mo máa ń bá a lù ú.

Múyìwá re Lọ́ńdọ̀nù, ó di òǹkọ̀wé eré, ti orí ìtàgé lákọ̀ọ́kọ́, kó tó kan ti sinimá. Ìjọba wọn fún un lóyè. Èmi ń jó ní ṣọ́ọ̀ṣì níbí ní Amẹ́ríkà, mò ń sọ pé àbúrò mi ni.

Lóṣù tó kọjá, nílé ọmọ mi ní Dacula níbí, Tọ́lá ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí tan sinimá Múyìwá fún mi. "Grandma, ẹ wò ó, ìkòkò yín!" Mo sunkún ayọ̀. Lẹ́yìn náà ni Múyìwá fúnra ẹ̀ jókòó lórí TV, wọ́n ń fi òyìnbó bi í léèrè ibi tó ti rí ìtàn náà. Bó ṣe dáhùn ni Tọ́lá nawọ́ sí rìmóòtù.

"Kí ló sọ?"

"Grandma, ẹ jẹ́ ká pa TV."

"Mo ní kí ló sọ?"

"Ó ní house girl wọn ló máa ń sọ ọ́."

Ọmọ àbúrò bàbá ẹni, àbúrò ẹni ni. Yorùbá ò ní orúkọ míì fún un. Inú èdè tí wọn ò kọ́ mi ló ti lọ wá òmíràn fún mi.

Ìyá Tọ́lá pe Múyìwá kó tó lọ sí shift iṣẹ́ ẹ̀, ó gbé fóònù fún mi. Múyìwá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Àwọn òyìnbó ò ní mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n jẹ́ ni."

Wọ́n mọ ohun tí ọmọ ọ̀dọ̀ jẹ́.

Láyé ìgbà yẹn, Múyìwá ni ò léyín, mo sì bá a lu agogo. Lónìí, èmi ni ò léyín. Lánàá ni mo pàlọ́ ìkòkò náà fún Tọ́lá. Mo ní bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró. Mo fi ẹnu lù ú.

Fùù.