Ìwé Tí Wọ́n Ní Ó Yẹ Ọmọ Ọdún Mẹ́wàá

Mo kórìíra ìwé náà kí n tó ka ojú ewé kan nínú rẹ̀. Ilé obì ìyá mi ní Sábó ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. A da gbànja sílẹ̀ lórí ẹní, a ń yọ àwọn tí kòkòrò ti jẹ sínú agbọ̀n lọ́tọ̀ kí àwọn oníbàárà tó ń kó obì lọ sí òkè Ọya tó dé. Ọmọbìnrin mi kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

"Mi ò ṣe é," ó ní. "Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣa àwọn ọmọ náà."

"Ọmọ wo?" ìyá mi bi í. "Obì ni mo ní kó o ṣà. Ọ̀lẹ ń kọ́ ẹ lọ́rọ̀ sọ."

Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó yíjú sí mi. "Mọ́mì, tí mi ò bá yege ìdánwò, ṣé ẹ máa jẹ́ kí wọ́n mú mi lọ?"

Inú báàgì ilé ìwé rẹ̀ ni mo ti rí ìwé náà. Ìtàn nípa ìlú kan ní ọjọ́ iwájú ni. Ilẹ̀ ti gbẹ, ìjọba ti mọ odi yí ìlú ká, gbogbo ọmọ tó bá pé ọdún méjìlá ni wọ́n ń dán wò. Èyí tó bá fìdí rẹmi, wọ́n á mú un jáde sínú aṣálẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́ta kan sá jáde láti wá àwọn tí wọ́n lé lọ. Mi ò bá àwọn mẹ́ta náà dé ibì kankan. Ibi tó burú jù ni mo wá kà: ìyá kan dorí kodò nígbà tí wọ́n ń mú ọmọ rẹ̀ lọ, kò lanu. Mo pòṣé. Irú ìyá wo nìyẹn? Mo ti ìwé náà bọ inú ọ̀rá, mo ní kò gbọ́dọ̀ fojú kàn án mọ́.

Ilé kéwú ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀wé kà, níwájú alfa tí pàṣán rẹ̀ kì í sinmi, Alhamdulilahi. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mú mi lọ sí ilé ìwé àwọn Mùsùlùmí. Láyé ìgbà náà, wọ́n á ní kí ọmọ na ọwọ́ rẹ̀ gba orí kọjá. Tó bá kan etí kejì, ó ti tó ilé ìwé nìyẹn. Láyé tiwa yìí, fọ́ọ̀mù ni. Ohun tí ìyá bá kọ síbẹ̀ ni ọjọ́ orí ọmọ.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mo bá tíṣà wọn lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Ọ̀dọ́bìnrin ni, kò tíì pé ọdún kan tó dé Ṣàgámù.

"Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ ya ọmọ mi ní wèrè ni?"

"Ẹ káàárọ̀, mà," ó ní. Ó ń fi ìkíni náà bú mi ni. "Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé yẹn. Ọdún mẹ́wàá sí méjìlá ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ní kíláàsì mi."

"Ta ló bí i, èmi àbí ìwọ?"

"Ẹ̀yin lẹ bí i, mà. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù."

Mo kúrò níwájú rẹ̀ bí ẹni tí iná jó. Mo wọ orí Wọ́tsáàpù àwọn òbí, mo kọ ohun tí mo fẹ́ síbẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìwé náà ti di ìwé ẹlẹ́mìí èṣù lẹ́nu àwọn tí kò rí i rí. Ní Tọ́sídeè, ọ̀gá ilé ìwé ránṣẹ́ pé kí a wá ní Sátidé. Tí àwọn òbí bá ṣì ní àwọn ò fẹ́ tíṣà náà, yóò máa lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lẹ́yìn ìrun àsárì. Bẹ́ẹ̀ ni, mo dúpẹ́ pé iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ bọ́.

Ní Sátidé náà, gbọ̀ngàn kún. Alhaji kan tó jẹ́ alága àwọn òbí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìwé tí wọ́n ti ń lé ọmọ kúrò nílùú, ṣé òun ló kù tí ẹ máa fi kọ́ ọmọ wa?"

"Kò tíì bímọ," obìnrin kan sọ láti ẹ̀yìn. "Kí ló mọ̀?"

"Mi ò tíì bímọ lóòótọ́," tíṣà náà ní, "ṣùgbọ́n mo ka ìwé náà tán kí n tó gbé e fún wọn. Nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ta ló ti kà á tán?"

Alhaji tún fìlà rẹ̀ dé.

"Ó dáa. Ìwé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Tí a bá rí òbí tí ọmọ rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì mi, kó dìde. Tí kò bá sí, ẹ̀bi mi ni, màá kó ẹrù mi lónìí."

Alága wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọmọ mi. Èmi ni mo fi ọdún méjì lé e, kó lè tètè ṣe ìdánwò àtiwọ gírámà. Láti ìgbà náà ló ti ń gba ipò ìkẹyìn láàárín àwọn tó jù ú lọ, tí mo sì ń pariwo lé e lórí pé kò gbọ́dọ̀ fìdí rẹmi. Tí mo bá jókòó, tíṣà náà yóò lọ. Alfa wa kì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rí èké ṣeré. Mo dìde.

"Ọdún mẹ́jọ ni tèmi. Irọ́ ni mo pa sínú fọ́ọ̀mù. Tíṣà kò mọ̀."

"Áà! Alhaja!" Alága káwọ́ lérí. "Ẹ kó wa jáde ní Sátidé lásán!"

Obìnrin tó jókòó tì mí fa aṣọ mi. "Jókòó jàre. Ta ni kì í ṣe é?"

Tíṣà náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìwé orúkọ kíláàsì wá bá mi níbi tí mo dúró sí, ó na bírò sí mi. "Ẹ bá mi tún un kọ, mà." Mo fa ìlà sórí mẹ́wàá, mo kọ mẹ́jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ń wò mí.

Tíṣà náà kò lọ mọ́, wọ́n sì dá ọmọ mi padà sí kíláàsì kẹta. Mo ka ìwé náà tán lọ́sẹ̀ yẹn. Lápá ìkẹyìn, àwọn ọmọ mẹ́ta náà rí àwọn tí wọ́n lé jáde, wọ́n sì mú wọn wálé. Èmi ni mo já ìwé gbà kí ọmọ mi tó dé ibẹ̀. Síbẹ̀, mi ò fẹ́ràn ìwé náà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá míì wà tí ọkàn rẹ̀ kò lè gbé e, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìwé kò sì mọ ìyẹn.

Mo lọ bẹ tíṣà náà. "Mo ti gbọ́, mà," ó ní, ó ń nu pátákó lọ. Kò wo ẹ̀yìn. Mo dúpẹ́ pé ayé níbí ni ojú ti tì mí, kì í ṣe ní ọ̀run. Mo gbé ìwé rẹ̀ sórí tábìlì, mo sì jáde.