Dúrọ́ọ̀mù Kẹrosíìnì Tí Màmá Mi Kò Tà

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo lè gba abẹ́ tábìlì ìtajà màmá mi kọjá láì bẹ̀rẹ̀, àdúgbò Bọ́ńdìrì ní Ajégúnlẹ̀ ni gbogbo ayé mi. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí lónìí, ẹ ti ń pè mí ní àgbà nítorí ewú mẹ́ta tó yọ níwájú orí mi. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti fi àtùpà kẹrosíìnì kàwé rí, tó tún wá ń fi fóònù ra iná sínú mítà, ó yẹ kí ẹ máa kúnlẹ̀ kí i.

Màmá mi ń ta kẹrosíìnì. Dúrọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ló ní, orí bíríkì ló gbé e lé níwájú ilé wa, ìgò ìgò ló sì ń bù ú fún àwọn oníbàárà. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun yìí ni mò ń sọ. Iná mànàmáná máa ń dé, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bí àlejò tí kì í sọ ọjọ́ tó ń bọ̀ ló ṣe máa ń dé, gbogbo ọmọ àdúgbò á sì hó yèè. Àwọn tí agbára wọn gbé e dáadáa ní jẹnẹrétọ̀ kékeré. Àwa yòókù, kẹrosíìnì la fi ń dáná, òun náà la fi ń ríran. Bí ó bá ti wọ́n, oúnjẹ á dín nínú ìkòkò gbogbo ilé tó wà ládùúgbò.

Bàbá kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, ará ìlú olómi ní apá Delta ni. Èbúté Àpápá ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló máa ń so rọ́bà ńlá mọ́ ọkọ̀ ojú omi tó bá kó epo dé, kí epo náà lè ṣàn wọ inú àwọn tánkì gìrìwò tí ẹ ṣì ń rí níbẹ̀ títí dòní. Bí ó bá dé láti ibi iṣẹ́, á bọ́ bàtà, á ki ẹsẹ̀ bọ omi iyọ̀, àwa ọmọdé á sì yí i ká. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ bí ọjà epo ṣe ń rìn, kì í ṣe nílé ìwé.

Ìbéèrè kan náà ni gbogbo oníbàárà màmá mi máa ń bi í: ilẹ̀ wa ni epo ti ń jáde, kí ló wá dé tí kẹrosíìnì fi ń wọ́n? Bàbá yìí á rẹ́rìn-ín, á ní, “Make I explain am. You get àgbàdo, but you no get where you go grind am. So you sell the àgbàdo give your neighbour. Neighbour lọ̀ ọ́, ó sẹ́ ẹ, ó di ògì. Ẹ̀yin tí ẹ ni àgbàdo, ẹ ó wá gbé abọ́, ẹ ó lọ ra ògì lọ́wọ́ ẹ̀. And no be naira e dey collect o. Na dọ́là.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Epo rọ̀bì là ń tà sókè òkun, kẹrosíìnì àti bẹntiróò là ń rà padà. Bí rédíò bá ní epo rọ̀bì ti gbówó lórí, àwọn tó ń tà á lórúkọ ìjọba á yọ̀, màmá mi á fọwọ́ lẹ́rán, nítorí ó mọ̀ pé èyí tó ń bọ̀ wá sínú dúrọ́ọ̀mù òun náà ti gbówó lórí nìyẹn. Bí náírà bá sì rọ̀ níwájú dọ́là, bó ti wù kí epo rọ̀bì pọ̀ tó, kẹrosíìnì á wọ́n náà ni. Ẹ tún wá fi owó ọkọ̀ ojú omi kún un, owó tánkì tí wọ́n kó o pamọ́ sí, owó táńkà tó sùn sójú ọ̀nà Àpápá fún ọjọ́ mélòó kan. Gbogbo ọwọ́ tó bá kàn án ló ń fi tirẹ̀ lé e. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ìbẹ̀rù tún wà. Bí wọ́n bá ti ní ọkọ̀ ojú omi ò tètè dé, ẹni tó ń ra ìgò kan tẹ́lẹ̀ á fẹ́ ra mẹ́ta, ọjà á sì gbẹ kí ọ̀wọ́n tó dé gan-an.

Ohun kejì tí bàbá yẹn kọ́ wa ṣe pàtàkì ju ti ọjà lọ. Ó ní táńkà tó gbé bẹntiróò lánàá lè gbé kẹrosíìnì lónìí láì jẹ́ pé wọ́n gbọ̀n ọ́n gbẹ, pé àwọn olójúkòkòrò kan sì wà tí wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ da méjèèjì pọ̀. Irú rẹ̀ ló ń bú mọ́ èèyàn lójú. Ó wá fi bí a ṣe ń dán an wò han màmá mi. Bu díẹ̀ sínú ìdérí agolo mílíìkì, gbé e jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù, kí o tiná bọ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, kí o sì tì í bọ inú rẹ̀. Kẹrosíìnì gidi tó tutù, ṣe ni yóò pa iná ẹnu ìgbálẹ̀ náà bí omi ṣe ń pa á. Èyí tó ní bẹntiróò nínú kò ní jẹ́ kí ìgbálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí yóò fi gbiná. Láti ọjọ́ náà, màmá mi kì í ta dúrọ́ọ̀mù kan láì dán an wò.

Ọ̀wọ́n kan wá dé. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí dúrọ́ọ̀mù wa fi gbẹ. Màmá mi ń jáde lárààárọ̀, ó ń bẹ ẹni mímọ̀, ó ń bẹ ẹni àìmọ̀, títí ẹnì kan lápá Kirikírì fi bá a rí dúrọ́ọ̀mù kan. Gbogbo ohun tó ní ló kó lé e. Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n fi ọmọlanke gbé e dé, kí wọ́n sì tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tán, kẹ́ẹ̀gì àti ìgò ti tò lọ bẹẹrẹ síwájú ilé. Màmá mi ní kí òun bomi bọ́jú. Ó nàka sí mi, ó ní, “Má ta ẹyọ ìgò kan o, mi ò tíì dán an wò.” Mo ní, “Yẹ̀ẹ́sì mà.”

Kò pẹ́ sígbà tó wọlé ni ìyá alákàrà gba ẹ̀yìn wọlé. Opó ni, ọmọ mẹ́ta ló ń tọ́, ilé kẹta sí tiwa ló sì ti ń din àkàrà fún àwọn òṣìṣẹ́ èbúté. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣàánú mi. Ẹ̀wà tí mo lọ̀ ti fẹ́ máa kan. Ìgò kan péré.” Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn, mo sì fẹ́ràn àkàrà rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí èrò ṣe ń bá ara wọn jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé, mo fi pọ́ńpù ọlọ́wọ́ fa ìgò kan fún un kíákíá, ó sì gba ẹ̀yìn lọ. Inú mi dùn pé mo ṣoore.

Màmá mi jáde, ó bu tirẹ̀ sínú ìdérí agolo, ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé. Ó tiná bọ ẹyọ ìgbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ ò tíì kàn án tí iná fi sọ fùù! Màmá mi fò sẹ́yìn. Ó bu èyí tó kù nínú àtùpà wa, ó tún un ṣe, iná ẹnu ìgbálẹ̀ sì kú wẹ́lo. Ó kàn jókòó sórí ìkòkò tó dojú dé, ó ń wo ilẹ̀. Mo mọ̀ nígbà náà ohun tí mo ti ṣe, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́wọ́ fún un.

Ó dìde, ó lọ bá èrò. Ó ní, “Ẹ má bínú, mi ò ní lè ta eléyìí.” Ariwo sọ! Awakọ̀ tírélà kan tó dúró níwájú pátápátá ló pariwo jù: “Mama, you wan hide am make e cost pass? Ṣé ẹ rò pé a ò mọ̀ ni? Ẹ fẹ́ gbé e pamọ́ di Monday, àbí?” Màmá mi ní kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i. Ó dán méjèèjì wò níwájú wọn. Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí èyí tó burú ṣe gbiná fùù ni gbogbo wọn hó: “Ẹ wò ó! Original! Ó lágbára!” Èyí tó pa iná, wọ́n ní omi ló wà nínú ẹ̀. Bí ọgbọ́n wa ṣe rí ní àdúgbò nìyẹn, nítorí kẹrosíìnì olómi ni gbogbo wa mọ̀, òun ló ti ń rẹ́ wa jẹ látọjọ́. Ohun tó yẹ kó lé wọn sẹ́yìn ló tún wá fà wọ́n súnmọ́ dúrọ́ọ̀mù. Ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ wàásù.

Èmi ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Mo sáré. Ìyá alákàrà ti gbé sítóòfù síta, ó ti da kẹrosíìnì sí i, ìṣáná wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóṣòó ti sítóòfù bí ìṣe wọn, wọ́n ń dúró de àkàrà àkọ́dín. Mo kígbe, “Mà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ṣáná sí i! Bẹntiróò wà níbẹ̀!” Ó wò mí, ó ní, “Ìyá ẹ ló rán ẹ pé kí o gbà á padà, àbí? Wọ́n ti fowó lé e?” Mo bú sẹ́kún. Mo di àwọn ọmọ náà mú láṣọ, mo ń fà wọ́n sẹ́yìn. Ó pòṣé, ó ní, “Ẹ sún sẹ́yìn fún un, kí ọmọ ọlọ́mọ má baà dákú sí mi lọ́rùn.” Òun náà na ọwọ́ gbọọrọ, ó ṣáná, ó sì jù ú sí i láìsúnmọ́ ọn.

Gbàù! Sítóòfù fò, ó dojú dé. Iná ga ju ìyá alákàrà lọ. Àwọn ọkùnrin kan da yẹ̀pẹ̀ lé e títí ó fi kú. Nígbà tí èéfín máa fi kúrò, ìyá alákàrà wà nílẹ̀ ní ìjókòó, etí gèlè rẹ̀ ti jó, kò sì sí ẹyọ irun kan lójú rẹ̀ mọ́ lókè ìpéǹpéjú. Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ tó dúró tì mí létí gọ́tà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló wò wọ́n.

Ó dìde, ó gbá mi lọ́wọ́ mú, ó kọrí sí ilé wa. Mo gbà pé ẹjọ́ mi ló ń lọ rò. Èrò ti fẹ́ máa ti màmá mi kúrò nídìí dúrọ́ọ̀mù nígbà tí a dé, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe rí ojú obìnrin náà, wọ́n yà fún un. Ó ní, “Original tí ẹ ń pariwo, mo ti lò ó. Ẹ wojú mi.” Àwọn kan ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì wọn. Àfi awakọ̀ yẹn ló tún wá yọ ọ̀rọ̀ mìíràn: “Ta ló tà á fún yín? So Mama ti ń tà á lẹ́yìn?” Ojú gbogbo èrò tún padà sí wa, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Màmá mi wò mí lẹ́ẹ̀kan. Kò wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Èmi ni mo tà á fún un. Àṣìṣe mi ni. Mo tọrọ àforíjì.” Mo lérò pé ìyá alákàrà máa sọ òtítọ́, nítorí ọwọ́ mi ló ti gbà á. Ọwọ́ mi tó dì mú ló tún dì mú sí i. Ó ní, “Màmá yìí ló tà á fún mi. Ọ̀rọ̀ ti parí láàárín èmi àti ẹ̀.”

Màmá mi wá ní kí mẹkáníìkì tó wà lódìkejì títì fún òun ní ọ́ìlì dúdú, èyí tí wọ́n ti lò nínú ẹ́ńjìnnì. Òun fúnra rẹ̀ ló dà á sínú dúrọ́ọ̀mù, kí ẹnikẹ́ni má baà lè tà á mọ́, kí ọkàn tirẹ̀ náà má baà yí padà. Mẹkáníìkì ló gbé e lọ fi fọ irin. Àwọn èrò ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò lè wojú ara wọn.

A jìyà díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní bò ó. Omi inú ọ̀rá ni màmá mi ń tà títí dìgbà tí awakọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ wá, tó dọ̀bálẹ̀, tó ní òun á máa bá a gbé dúrọ́ọ̀mù láì gba kọ́bọ̀. Láti ìgbà náà, àwọn èèyàn ń ti Olódì-Àpápá wá ra kẹrosíìnì lọ́dọ̀ wa. Ní ti ìyá alákàrà, lẹ́ẹ̀dì ló fi ń ya irun ojú kó tó hù, oníbàárà rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ayé ti yí. Gáàsì ti lé kẹrosíìnì kúrò nílé ìdáná, sólà wà lórí òrùlé àwọn aládùúgbò mi, mítà ń ka iná fún wa. Mo dúpẹ́ pé ọmọ mi ò mọ òórùn èéfín àtùpà. Ọjà ṣì ń rìn bó ṣe ń rìn, ṣá o. Ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí iná tí owó yín ń rà ń dín kù. Gáàsì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ iná ń jó, dọ́là ni wọ́n sì fi ń díye lé gáàsì. Bí dọ́là bá gòkè, mítà yín á gbọ́. Bí ẹ bá wá bi àwọn tó ń tà á pé ta ló jẹ̀bi, oníná á nàka sí onígáàsì, onígáàsì á nàka sí dọ́là, elépo á nàka sí ọkọ̀ ojú omi. Mi ò tíì gbọ́ ẹnì kan nínú wọn tó ní òun ni.

Èmi ti gbọ́ ọ rí, ní Bọ́ńdìrì, lẹ́nu obìnrin tí dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo jókòó tì í nílé ìdáná, mo bi í pé kí ló dé tó fi ní òun ló tà á. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo òpònú.

Ó ní, “Ṣọ́ọ̀bù ta ni?”

Mo ní, “Ṣọ́ọ̀bù yín ni, mà.”

Ó ní, “Kí lo wá ń béèrè?”