Àdúrà Màmá Tí Mo Gé Láìgbọ́ Ọ Tán

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò tíì lè sọ fún yín. Lónìí, mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe ní Aramoko. Lọ́dún tó kọjá, oníbàárà mi kan, Bùrọ̀dá Délé, pè mí sí Ijurin pé kí n wá ya fídíò ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún ìyá wọn.

Nígbà yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kíbọ́ọ̀dù gé fídíò láì fọwọ́ kan mọ́ọ̀sì. Tí mo bá dá fídíò dúró níbì kan, tí mo tẹ Q, gbogbo èyí tó wà ṣáájú ibẹ̀ á gé dànù. Tí mo bá tẹ W, èyí tó kù lẹ́yìn ibẹ̀ á lọ, èyí tó tẹ̀lé e á sì sún wá dí àyè rẹ̀. Ìka mi ń yára bíi ti ẹni tó ń ta ayò. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì di iṣẹ́ ọ̀sán kan. Ta ni inú rẹ̀ ò ní dùn?

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ náà, mo gbé kámẹ́rà dúró síwájú Màmá, èmi fúnra mi sì jáde lọ ya àwọn àlejò. Ìdí iṣẹ́ ni mo ti wá rí i pé Màmá ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ wọn. Wọ́n pe Délé, wọ́n pe Ṣadé, wọ́n pe Kọ́lá. Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́, wọ́n tẹrí ba, wọ́n ń fi etí aṣọ nujú. Wọ́n pẹ́ bẹ́ẹ̀. Bùrọ̀dá Délé sì ti kìlọ̀ fún mi pé kí fídíò má gùn.

Mo rò pé àdúrà ti parí. Mo tẹ W.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà mi kún, mo pa gbogbo èyí tí mo yà lọ́jọ́ náà rẹ́.

Mi ò mọ̀ pé Màmá ní ọmọ kẹrin. Fúnkẹ́ ni. Ó fẹ́ ọkùnrin tí Màmá ò fẹ́, ó kó lọ sí Ìbàdàn, kò sì wálé fún ọdún mẹ́fà. Bùrọ̀dá Délé fi fídíò náà ránṣẹ́ sí i. Ó wò ó, ó gbọ́ orúkọ àwọn yòókù, kò gbọ́ tiẹ̀. Ó ti di ẹrù tẹ́lẹ̀ láti wá wo Màmá. Ó tú u.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Màmá kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Fúnkẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní, "Níbi ìsìnkú ni wọ́n ti sọ fún mi pé Màmá pe orúkọ mi lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Wọ́n ní Màmá sọ pé, 'Fúnkẹ́ ọmọ mi, máa bọ̀ n'úlé.' Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó wà lọ́wọ́ yín?"

Mo ṣí iṣẹ́ náà. Ojú ibi tí mo gé ṣì wà, fídíò ni kò sí mọ́. Kọ̀ǹpútà ń bi mí pé níbo ni mo gbé e sí.

Mo pe Bùrọ̀dá Délé, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fẹnu ara wọn sọ fún àbúrò wọn. Wọ́n ní àwọn rò pé yóò dáa jù kó gbọ́ ọ lẹ́nu Màmá. Wọn ò wo fídíò náà tán kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.

Fúnkẹ́ ò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó kàn ní, "Nígbà tí wọ́n pè mí, ṣé ohùn wọn gbọ̀n?"

Mi ò tẹ́tí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí ọwọ́ yá dáa, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ dópin kẹ́ ẹ tó gé e. Àgbàlagbà tó dákẹ́ lè máa wá agbára tó máa fi sọ èyí tó wúwo jù.

Ta ló ti gé ohun tí kò ṣe é dá padà rí nínú yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Fúnkẹ́ ló gbà mí láàyè kí n sọ èyí, yóò sì kà á. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tù mí nínú níṣojú rẹ̀.