Ìlà Mẹ́fà Lára Ògiri

Àmúdà kì í ra epo mọ́tò lẹ́yìn aago méje àárọ̀. Ó ní tí oòrùn bá ti mú, epo a wú, èèyàn a sì máa sanwó wíwú. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Òun gbà á gbọ́.

Ìlú Ìtẹ̀lé la jọ ń gbé, ilé mi ló kángun sí tirẹ̀. Ọmọ Ẹdẹ ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ṣàngó. Ọdún kẹrin rèé tó ti ra mọ́tò. Hàlímọ̀tù ìyá rẹ̀, tó wà ní Ẹdẹ, kò tíì jókòó nínú rẹ̀ rí. Ohun tí Àmúdà ń fẹ́ kò ju kí ó gbé ìyá rẹ̀ síwájú mọ́tò náà, kí wọ́n jọ yí ìlú ká.

Àlọ àtàbọ̀ Ẹdẹ gba ogójì lítà. Kì í yáwó ra epo. Láti bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, tó bá gbowó oṣù, a ra lítà márùn-ún sínú kẹ́ẹ̀gì, a rọ ọ́ sínú mọ́tò, a sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára ògiri ilé rẹ̀, nítorí géèjì tó ń fi iye epo hàn ti kú. Tí ìlà bá pé mẹ́jọ, yóò lọ sí Ẹdẹ. Títí dìgbà náà, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Ó kó gbogbo ẹrù inú búùtù kúrò. Ó ní mọ́tò tó wúwo a máa mu epo.

Rose tó ń ta epo mọ̀ ọ́n dáadáa. "Bàbá Lítà Márùn-ún, ẹ káàárọ̀ o!"

"Rọra tẹ̀ ẹ́, Rose. Tó bá ń sáré, afẹ́fẹ́ lò ń tà fún mi."

Nàfísátù ìyàwó rẹ̀ kì í dákẹ́ ní tirẹ̀. "Bàbá Waliyullah, ẹ gbé mọ́tò yìí kọ́ sára ògiri. Ó ti di àwòrán."

Lẹ́yìn ìlà kẹfà, epo tún gbówó lórí. Oṣù méjì kọjá, kò rí ìlà kankan fà.

Ní Sátidé tó kọjá, a jókòó lábẹ́ máńgòrò mi, fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni. Ohùn rẹ̀ ròkè, èmi náà gbọ́.

"Àmúdà, epo ọ̀hún ò tíì kún?"

"Ó ku díẹ̀, Ìyá mi."

"Ojú mi ń ṣú o. Lánàá mo kí òpó ilé, mo rò pé èèyàn ni. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí mọ́tò náà."

Ó pa fóònù. Ó ń wo ìlà ara ògiri.

"Ọgbọ̀n lítà ló wà nínú mọ́tò, Bàbá," ó sọ fún mi.

"Ṣé ó máa dé Ẹdẹ?"

"Ó máa dé. Kò ní gbé mi padà ni."

"Ìyá ẹ ò bèèrè àbọ̀ lọ́wọ́ ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Aago mélòó ló lù?"

"Méjì."

"Màá yáwó lọ́wọ́ Nàfísátù, kí n ra ìyókù ní ilé epo tó wà ní Tógéètì."

"Nínú oòrùn yìí?"

"Ẹ jẹ́ ó wú, Bàbá."

Ó dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó lọ.