Bọ́ọ̀sù Tí Wọ́n Tilẹ̀kùn Mọ́

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ọ̀wọ̀, ẹni tó bá ń ṣe rere nínú fíìmù là ń pè ní ákítọ̀, olórí àwọn tó ń ṣe ibi sì ni bọ́ọ̀sù. Ákítọ̀ kì í kú. Bọ́ọ̀sù gbọ́dọ̀ kú. Bí a bá ń ṣeré fíìmù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ọmọ ló ń du ákítọ̀. Wọ́n á so ìró ìyá wọn mọ́ ọrùn, wọ́n á máa sáré bí ẹni tó fẹ́ fò. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìkan ni kì í bá ẹnikẹ́ni du nǹkan kan. Bọ́ọ̀sù ló máa ń ṣe, bí a bá sì pa á tán, àwa tí a pa á á máa káàánú rẹ̀ lọ sílé.

Ìyá wa ti kú kí n tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Bàbá wa ló tọ́ wa, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí kì í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Ìsinmi. Lójú tirẹ̀, ìranù ni fíìmù. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń yọ́ lọ sí ilé fídíò lẹ́bàá ọjà. Èmi ọmọbìnrin, ta ni yóò jẹ́ kí n lọ? Ohun tó bá rí níbẹ̀ ló ń wá rò fún mi nírọ̀lẹ́, lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì tó wà lẹ́yìnkùlé, bí a bá ń bó ẹ̀gúsí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa láti Ìpelé. Òfin wa ni pé ẹni tó ń rò kì í bó ẹ̀gúsí. Ọ̀lẹ ni ẹ̀gbọ́n mi, kì í jẹ́ kí fíìmù tètè tán.

Ọ̀kan wà tí kò sú mi rí. Ákítọ̀ inú rẹ̀ ń fò, ó wọ aṣọ tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, bọ́ọ̀sù sì fẹ́ bi odidi ìlú wó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ fídíò ti jẹ ìbẹ̀rẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì náà. Onílé fídíò gé ibi tó bàjẹ́ dànù, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ ìyókù, bẹ́ẹ̀ ló sì ń gbé e sí i fún àwọn èèyàn. Ní Ọ̀wọ̀, ibi tí bọ́ọ̀sù ti ń pariwo ni fíìmù náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó bí i nínú. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ẹnu ara rẹ̀ dí àlàfo náà. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀ ni. Mo ní irọ́ ni, ta ni yóò tìtorí ewúrẹ́ wó ìlú? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á lọ wádìí.

Lọ́jọ́ kan, ó pẹ́ kó tó ti ilé fídíò dé. Bàbá wa ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ó fi irin dábùú rẹ̀, ó ní kí n jókòó jẹun. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń kanlẹ̀kùn. Mo gbọ́ nígbà tó dákẹ́. Kíṣìnnì ló sùn.

Nígbà tó tún ro fíìmù náà, bọ́ọ̀sù ti ní ìdí. Ó ní ilé kan wà, ibẹ̀ ni wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí. Ó jáde lọ ṣeré, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó dúró níta, ó ń gbọ́ ìró ṣíbí lára àwo. Kò tíì bínú nígbà náà, ó kàn ń retí ni. Ìgbà tí wọ́n jẹun tán tí wọ́n pa fìtílà ni inú tó bí i. Ẹ̀gbọ́n mi á wá fi ohùn bọ́ọ̀sù sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe Yorùbá ilé ìwé. Bọ́ọ̀sù rẹ̀ kì í pe ilé ní ilé, ulé ló ń pè é bíi tiwa. “Ulé mi ni mo fẹ́ wọ̀. Ẹ ṣí i fún mi.” Ẹ̀gúsí á bọ́ lọ́wọ́ mi. Nínú pálọ̀ níbi tí bàbá wa ti ń ka ìwé ìròyìn, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́. Mo rò pé oorun ti gbé e lọ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi parí ilé ẹ̀kọ́. Bàbá wa fẹ́ kó wọ iṣẹ́ ìjọba, òun ní Èkó lòun ń lọ, òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya fíìmù. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Bàbá wa ní ẹni tó sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ nù, Bàbá.” Ó gbé báàgì rẹ̀, kò sì padà wá. Ẹnì kan ní òun rí i ní Àkúrẹ́, ẹlòmíràn ní ó ti lọ sókè òkun. Àárò rẹ̀ sọ mí débi pé bí mo bá ń bó ẹ̀gúsí, mo máa ń dá ọwọ́ dúró, bóyá ẹnì kan á sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo wọ Pólì ìlú wa, ọ̀rẹ́ mi kan mú kásẹ́ẹ̀tì fíìmù yẹn wá láti Ìbàdàn, odindi, kò sí ibi tí wọ́n gé. Mo fẹ́ rí ilẹ̀kùn yẹn. Bọ́ọ̀sù yọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun fẹ́ jọba lórí gbogbo ayé. Ó tán. Kò ní ìyá, kò ní ilé, ebi ò tiẹ̀ pa á. Gbogbo ayé! Kí ló fẹ́ fi ṣe? Àwọn ọ̀rẹ́ mi pàtẹ́wọ́ nígbà tó kú. Èmi ti gbàgbé ojú rẹ̀ kí a tó pa tẹlifíṣọ̀n. Bọ́ọ̀sù ti ẹ̀gbọ́n mi, tí n kò fojú rí rí, mo mọ bó ṣe ń mí. Ilẹ̀kùn kan péré ló ń wá, mo sì mọ ilẹ̀kùn náà.

Mo sunkún délé. Bàbá wa, tó ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, béèrè ohun tó ṣe mí. Mo ní fíìmù ni, mo ń retí kó bú mi. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

“Bọ́ọ̀sù tó fẹ́ wọ ulé yẹn?”

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo rò pé ó ń sùn, ó ń gbọ́ wa. Ó ní kí n rò ó fún òun. Mo rò ó bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń rò ó. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń jẹun, ó gbọ́wọ́ sókè.

“Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ṣé kò padà wá ṣílẹ̀kùn?”

Mo ní ẹ̀gbọ́n mi kò ro ibẹ̀ rí.

“Ó ṣí i,” ni bàbá mi wí. “Ọmọ náà ti sùn sí kíṣìnnì. Ojú ló tì í láti jí i.”

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wa. Irin ìdábùú rẹ̀ ti dípẹtà mọ́ ara ògiri níbi tí wọ́n gbé e tì. Àwọn ará àdúgbò kìlọ̀ olè fún bàbá mi títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Ó ní ẹni tí òun ń retí kò mú kọ́kọ́rọ́ dání. Èmi náà kì í ti ilẹ̀kùn náà.