Ẹrù Oṣù Mẹ́fà tí Mo Dì Lọ sí Ilé Ìgbẹ̀bí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ẹrù kan tí mo dì nígbà tí mo fẹ́ bí ọmọ mi kejì. Títí di òní, bí mo bá rántí ẹrù yẹn, n kì í mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún.

Datcha là ń gbé nígbà náà, nítòsí Atakpamé. Àwọn Jámánì ti lọ, àwọn Faransé ló ń pàṣẹ. Kòjó ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ojú irin tí wọ́n ń tẹ́ lọ sí apá òkè, ó máa ń tó oṣù méjì kó tó wálé. Èmi àti ìyá rẹ̀ nìkan ló wà nílé.

Ọmọ mi àkọ́kọ́ kú lọ́jọ́ tí mo bí i. Ẹsẹ̀ ló mú jáde, orí rẹ̀ kò sì tètè tẹ̀lé e. Ìyá ọkọ mi ló gbẹ̀bí rẹ̀, òun náà ló sin ín. Àwa méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí mo tún lóyún, mo lọ fi ara han agbẹ̀bí ìjọba ní Atakpamé. Ọmọ ìlú Aného ni, aṣọ funfun ló máa ń wọ̀, Màdáámù ni gbogbo wa ń pè é. Ó tẹ ikùn mi wò, ó ní ọmọ náà jókòó ni, orí rẹ̀ wà lókè, pé n kò gbọdọ̀ bí i sílé. Ìyẹn yé mi.

Ohun tó sọ tẹ̀lé e ni kò yé mi. Èdè Ewe ló ń sọ, Ewe tèmi kò sì ju ti ọjà lọ. Mo lè fi ra iyọ̀, mo lè fi dúnàá-dúrà, ó parí. Àwọn obìnrin pọ̀ lẹ́yìn mi tí wọ́n ń dúró. Ó ń sọ, mo ń mi orí. Ó béèrè bóyá ó yé mi, mo ní ó yé mi. Ṣé ẹ mọ irú ìtìjú yẹn? Ó kọ nǹkan sórí ìwé pélébé kan ní Faransé, ó nà án sí mi, ó pe ẹni tó kàn.

Ta ni yóò wá kà á fún wa nílé? Ní àdúgbò wa, Baba Kamina nìkan ló mọ̀wé. Orúkọ yẹn la fún un nítorí pé ó ti ṣiṣẹ́ ní Kamina lọ́dọ̀ àwọn Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń bá ìlú wọn sọ̀rọ̀ láti orí òpó irin gíga. Ìwé Jámánì ló kọ́. Ti Faransé, kò jókòó sídìí rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó ní ìwé ni ìwé.

Ó gbé e jìnnà sí ojú. Ìlà àkọ́kọ́, ó fò ó, ó ní kò ṣe pàtàkì. Ìlà kejì, ó ní òwú ni wọ́n fẹ́. Nígbà tó dé ìlà kẹta, ojú rẹ̀ yí padà.

“Lange,” ó ní. “Ọ̀rọ̀ yìí, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí ọ̀gá wa tó jẹ́ Jámánì bá ti sọ ọ́, ohun tó gùn ni, ohun tí yóò pẹ́. Mẹ́fà ni wọ́n sì kọ síwájú rẹ̀.”

“Mẹ́fà kí ni?” ìyá ọkọ mi béèrè.

“Wọn ò kọ ìyẹn. Àmọ́ ọjọ́ mẹ́fà kì í ṣe ohun tó pẹ́. Oṣù ni.”

Orí mi dàrú. Oṣù mẹ́fà nílé ìgbẹ̀bí? Ṣé àìsàn kan wà lára mi tí Màdáámù sọ tí n kò gbọ́? Àbí ọmọ náà ni? Ta ni yóò bọ́ mi? Lásìkò yẹn, ẹlẹ́wọ̀n nìkan la mọ̀ tí ìjọba máa ń ka oṣù fún. Ìyá ọkọ mi tilẹ̀ béèrè lọ́wọ́ mi, ní ohùn kékeré, bóyá mo ti ja ẹnikẹ́ni lólè.

Ó ní n kò ní lọ mọ́. N kò jà. Lọ́kàn mi, mo rò pé bóyá òun ló tọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì, mo rò pé kò tọ̀nà. Báyìí ni mo ṣe wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo ń kó aṣọ jọ láàárọ̀, mo ń tú u ká lọ́sàn-án.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ń gbálẹ̀, omi ya lára mi. Ìyá ọkọ mi rí i. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

“Ìyá,” mo ní, “mo fẹ́ lọ.”

Ó wọ yàrá. Mo gbọ́ tó ń fa nǹkan lulẹ̀. Nígbà tó jáde, ẹrù ńlá kan ti wà lórí rẹ̀: iṣu, gààrí, àpò òwú kan láti oko, àti ọkọ́ pẹ̀lú èso àgbàdo. Mo bi í pé kí la fẹ́ fi ọkọ́ ṣe. Ó ní òjò yóò rọ̀ kí oṣù mẹ́fà tó pé, a óò tọrọ ilẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnìkan lẹ́bàá ibẹ̀.

“Oṣù mẹ́fà kì í pa ọmọ,” ó ní. “Ó yá, ìyàwó, dìde.”

A kò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ tó ń kó òwú lọ sí Atakpamé fi gbé wa. Mo jókòó láàárín àpò òwú, mo di ọwọ́ ìyá ọkọ mi mú, n kò mọ̀ bóyá ìyè là ń lọ bá tàbí ẹ̀wọ̀n.

Màdáámù rí mi, ó ní kí n dùbúlẹ̀. Ó tú ẹrù wa. Ó gbé iṣu sápá kan. Ó gbé ọkọ́ sókè, ó wò ó, ó wò wá. Ó rí òwú tí kóró ṣì wà nínú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó wá béèrè ohun kan léraléra, a kàn ń wò ó ni.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kò yé mi. Ó rọra sọ ọ́ ní Ewe, ó fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń fi nǹkan wé ọmọ. Aṣọ. Aṣọ mẹ́fà tí a ó máa fi wé ọmọ tuntun. Òun ni lange ní èdè Faransé. Òwú tó fẹ́ náà, èyí tí wọ́n ti fọ̀ mọ́, tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, ni. Ìlà tí Baba Kamina fò, ọṣẹ ni.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá ọkọ mi. Ó tú ìró òkè tó ró, èyí tí Kòjó rà fún un, ó fi eyín gé etí rẹ̀, ó sì fà á ya. Ó fà á ya sí mẹ́fà, ó ń kà á sókè. Wọ́n bọ̀ ọ́ nínú omi híhó, wọ́n sá a sínú oòrùn.

Kó tó gbẹ, ọmọ ti ń bọ̀. Ẹsẹ̀ ló tún mú jáde. Mo rí ojú ìyá ọkọ mi, mo sì ní ó ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Màdáámù mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí. Ó yí i, ó dúró, ó tún yí i. Ọmọ náà kò ké lákọ̀ọ́kọ́. Màdáámù gbá a nídìí, ó nu imú rẹ̀. Ọmọ náà ké.

Ìyá ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. “Èyí àkọ́kọ́,” ó ní, “n kò mọ̀ ọ́n ṣe. N kò mọ̀ ọ́n ṣe, ìyàwó.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọmọ náà jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo ní mo mọ̀, Ìyá. Ìgè la sọ ọmọ tuntun náà.

Ọjọ́ mẹ́jọ péré la lò níbẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé “ó yé mi” lè wúwo ju ẹrù lọ, bí kò bá jẹ́ òótọ́. Díẹ̀ ló kù kí n jókòó sílé nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ojú tì mí láti béèrè. Ẹ̀yin ìyá, ẹ sọ tiyín fún mi: kí lẹ kó dání lọ́jọ́ tiyín, ta ló sì rìn lọ pẹ̀lú yín?